Wàláà Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹni tó wá gbọ́ ìtàn kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fi ọbẹ̀ sórí iná. Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí, ọdẹ tó wọ Igbó Èéfín tó sì jáde, ọdẹ tó pa erin létí odò Àwẹ́, òun nìkan, láìsí ajá, láìsí ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ erin kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ tàdáà ni, tàdáà tí àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé. Mo rí i pé ojú àwọn kan ti rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ń wò ó pé kí ni ọdẹ mọ̀ nípa tàdáà. Ẹ ní sùúrù. Erin kò fẹ́ lé ìyàwó mi kúrò nílùú rí. Tàdáà ló fẹ́ lé e.

Ní ọdún tí ọba wa ní kí wọ́n ṣí koríko orí ààfin kúrò kí wọ́n fi páànù bò ó, àwọn òṣìṣẹ́ rí wàláà kan ní àjà ilé ìdáná. Ẹ mọ wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ́ ìwé. Èéfín ti bò ó láti òkè délẹ̀, àmọ́ bí ènìyàn bá yí i sí oòrùn, ìkọ̀wé ṣì hàn lójú rẹ̀. Wọ́n pe Lèmọ́mù Kàsúmù kí ó wá kà á, nítorí lẹ́tà kéwú ni wọ́n fi kọ èdè wa síbẹ̀. Lèmọ́mù nu ojú rẹ̀, ó kà á jẹ́jẹ́. Ìlà mẹ́rin péré ni:

Ilé Òjélàbí, ọmọ ìlú yìí ni wọ́n.
Wọ́n dáná sun oko obì ilé Jagùn.
Kí wọ́n jáde, kí wọ́n má padà mọ́.
Ọ̀rọ̀ ọba nìyí.

Òjélàbí ni baba ńlá Àwẹ̀ró, ìyàwó mi. Gbogbo wa ti gbọ́ pé ilé wọn jáde nílùú nígbà kan rí, kí a tó bí ẹni tó bí wa, pé wọ́n sì padà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìdí. Ó jọ pé ní ìgbà Ọba Lágbọ̀rẹ́ ni, baba ńlá ọba wa yìí. Akọ̀wé Ọba Lágbọ̀rẹ́ sì ni Àlùfáà Bùsàrí, baba ńlá Lèmọ́mù. Wọ́n bi Lèmọ́mù bóyá ọwọ́ Bùsàrí ni. Ó ní, "Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní búra."

Jagùn Olúgbọ̀dé kò nílò ìbúra. Jagùn yìí ni olóyè tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti ilé Òjélàbí pààlà, ó sì pẹ́ tí ó ti ń fi ojú wọn ààlà náà. Ó dìde láàárín ìgbìmọ̀, ó gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ọba kì í yẹ̀. Wọ́n jáde lóòótọ́, wọ́n sì yọ́ wọlé padà bí ológbò. Kí wọ́n kó ẹrù wọn kí a tó jẹ iṣu tuntun."

Nígbà tí mo délé, Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ẹrù tí kò tíì dì. Ó ní, "Bàbá Ọláìtán, wọ́n ní kí ilé wa jáde, ará ilé wa sì ni èmi náà. Èyí tí mo lè gbé, màá gbé e. Sàréè ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé. Báwo ni wọ́n ṣe ń di ìyẹn sínú ẹrù?"

Èmi tí ẹ ń wò yìí, omijé bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Mo lọ sí ààfin, mo ní irọ́ ni wàláà náà, pé ẹnìkan ló kọ ọ́ láìpẹ́ tó sì gbé e kọ́ èéfín kí ó lè dàgbà. Jagùn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi hàn."

Mo ní, "Màá fi hàn. Ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Èéfín tí wọ́n ń pè ní Dánanwò. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá wọn."

Ọba ronú. Ó ní, "Gbé e lọ. Àwẹ̀ró á dúró sọ́dọ̀ wa ní ààfin títí o ó fi dé. Ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí omi bá kàn án, ìkọ̀wé á bàjẹ́, a ó sì gbà pé ìwọ lo bà á jẹ́." Gbogbo ìgbìmọ̀ mi orí. Nílùú wa, ohun tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a kì í jẹ́ kí omi dé ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Mi ò ní sọ bí ọ̀nà ti gùn tó fún yín. Ọ̀nà gùn. Nígbà tí mo dé odò Àwẹ́, mo gbé wàláà lérí, mo wẹ odò náà kọjá bí ìyá tó gbé ọmọ. Ẹja kan yọrí, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń gbé pákó gbígbẹ kọjá nínú omi. Mo ní àṣẹ ọba ni. Ẹja náà ní àwọn náà ní ọba, ó sì padà sísàlẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, mo bọ́ ẹ̀wù ọdẹ mi, mo fi we wàláà, mo sì dúró sínú òjò náà bí wọ́n ti bí mi. Ìjàpá kan kọjá, ó wò mí, ó wọ inú ilé ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ mìíràn ni, ìtìjú ì bá pa á. Èmi kì í ṣe ọdẹ mìíràn.

Nígbà tí mo dé ẹnu Igbó Èéfín, òrò kan, ọ̀kan nínú àwọn iwin igbó, dínà mọ́ mi. Ó ga tó igi àràbà, ẹnu rẹ̀ tóbi, ahọ́n inú rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ó ní, "Ọdẹ, já àlọ́ mi kí o tó kọjá. A bí i nínú iná, ó ń gbé ìdí ìkòkò, òun sì ni òkú fi ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Kí ni?"

Mo ní, "Erin."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Erin kì í gbé ìdí ìkòkò."

Mo ní, "Bí a bá sè é ńkọ́?"

Òrò náà ronú sí i. Ó ní kí n dúró, ó lọ bi àwọn àgbà rẹ̀ léèrè. Nígbà tí ó padà dé, ó ní, "Wọ́n ní kì í ṣe erin. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kí ọ."

Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀kọ gbígbẹ tó wà nínú àpò mi, mo ń wo wàláà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà tó ń wò mí. Mo ní, "Dúdú ìdí ìkòkò ni. Wọ́n ń ha á, wọ́n ń fi oje igi pò ó, ó ń di tàdáà. Òkú a fi kọ̀wé, alààyè a kà á." Òrò náà yà kúrò lọ́nà. Bí mo ti ń kọjá ni mo béèrè ohun tó mú ahọ́n rẹ̀ dúdú. Ó ní, "Wọ́n á sọ fún ọ níwájú."

Ìlú Dánanwò kò ní odi, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò gbà pé ọ̀tá wà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wọn òjìji igi kan. Mo ní, "Ẹ káàsán o."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀sán ni?"

Mo ní oòrùn wà lókè orí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó bá àwọn méjì mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n jọ wo òkè. Nígbà náà ni wọ́n tó dáhùn, "Káàsán."

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Arídìí, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ayẹ̀wò. Imú mẹ́ta ló ní, ojú rẹ̀ kéré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ti erin. Kí n tó parí, wọ́n ti gba àpò ọdẹ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n fi èékánná ha inú rẹ̀, Ìyá Arídìí sì fi imú kìíní, imú kejì àti imú kẹta gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Òkété."

Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ òkété ni. Òkété púpọ̀. Kò sí erin níbẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé erin náà lè ti jẹ òkété kí n tó pa á. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé àwọn á ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí yín. Ìwádìí náà kò tíì parí.

Mo gbé wàláà kalẹ̀, mo sọ ẹjọ́. Ìyá Arídìí ní, "Omi ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ fún tàdáà. Ẹ bu omi wá."

Mo fi ara bo wàláà. Mo ní ọba wa ti sọ pé omi kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n wo ara wọn. Ó ní, "Ó dára. Bí ọba yín bá fẹ́ èyí tó ṣòro, a ó ṣe èyí tó ṣòro. Ṣùgbọ́n gbọ́ òfin wa. Ohun tí a bá rí lo máa sọ nílé, ìbáà dùn mọ́ ọ, ìbáà má dùn. Bí o bá yọ ẹyọ kan kúrò tàbí o fi ẹyọ kan kún un, ahọ́n rẹ á dúdú, kò sì ní pọ́n mọ́ láéláé."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ṣe òrò ẹnu igbó. Mo gbà. Ó dá mi lójú pé irọ́ ni wọn ó rí.

Wọ́n ha bíńtín lára ìlà kejì, kò tó ẹyọ ọkà bàbà kan, wọ́n sì mú un lọ sí ilé kan tó kún fún akèrègbè. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo èéfín tó ń rú nílé yín, tí ẹ rò pé ojú ọ̀run ló ń lọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Èéfín ilé kọ̀ọ̀kan ní akèrègbè tirẹ̀. Wọ́n ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín á yọjú, á wo dúdú tó wà lórí èékánná wọn, á sì padà wọlé. Ó ti ń rẹ̀ mí kí ọ̀kan tó jáde, tó ràbàbà lórí rẹ̀, tó sì kọ̀ tí kò lọ mọ́, bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù.

Ìyá Arídìí gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà Ọba Lágbọ̀rẹ́ ni. Ìdí ìkòkò ìyàwó Bùsàrí ni. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà. Ó jóná díẹ̀."

Òótọ́ ni wàláà. Mo ti wẹ odò, mo ti dúró níhòòhò níwájú ìjàpá, kí n lè gba ẹ̀rí lọ fún Jagùn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sóko. Mo sì ronú pé kí n parọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá ní ìyàwó rere nílé, kí ó kọ́kọ́ dá mi lẹ́bi. Mo ní lọ́kàn mi, kí ni ahọ́n dúdú, ta ló ń wo ẹnu ọdẹ? Ṣùgbọ́n mo rántí pé Àwẹ̀ró ló máa kọ́kọ́ wò ó. Kò tíì pa irọ́ fún mi rí. Orí irọ́ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni ni yóò máa sùn, tí yóò máa jí, nínú ilé tí ó fẹ́ràn.

Ìyá Arídìí kò mọ bí a ti ń pẹ̀tù. Ó dúró títí mo fi nu ojú, ó ní, "Ìlà kan la wò. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wá?"

Ó mú fìtílà kan jáde. Iná rẹ̀ pọ́n, kò sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ọmọ èéfín nìkan ló ń hàn dúdú nínú iná yẹn. Wọ́n yọ́ fi òwú gbígbẹ nu ojú wàláà, wọ́n gbé fìtílà sún mọ́ ọn. Mo wò, ìlà kìíní kò sí mọ́. Ìlà kẹrin kò sí mọ́. Ìlà kejì àti ìkẹta dúró gbọin-gbọin láàárín. Mo pariwo pé wọ́n ti bà á jẹ́. Ó gbé fìtílà kúrò, gbogbo ìlà padà.

Ó fi ahọ́n kan ìlà kìíní. Ó ní, "Irin ni èyí. Irin tó ti dógùn-ún, tí wọ́n fi omi èèpo igi àyin sè. Ó rí bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ kan náà ló kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọjọ́ kan náà. Tàdáà méjì ni."

Mo ní, "Kí ló wá túmọ̀ sí, Ìyá?"

Ó ní, "A kò mọ̀. Iṣẹ́ wa ni kí á sọ ohun tó wà. Ìtumọ̀, ẹ̀yin ènìyàn lẹ ni wàhálà yẹn." Ó dá àpò mi padà fún mi. Ó ní kí n kí àwọn òkété.

Bí mo ti ń bọ̀ ni mo ń da ọ̀rọ̀ náà rò, kò yé mi. Nígbà tí mo dé ààfin, wọ́n ti wa iṣu tuntun, wọ́n kó o jọ sí àgbàlá, kò tíì sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìlú pé. Àwẹ̀ró dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, àwọn ará ilé rẹ̀ dúró tì í, ẹrù wọn ti wà ní dídì. Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀. Ìyàwó ọdẹ máa ń mọ̀ bí ọdẹ bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Mo la ẹnu, mo ní, "Kábíyèsí, mo ní irọ́ ni wàláà yìí. Èmi ni mo ṣìnà. Ìgbà Ọba Lágbọ̀rẹ́ ni wọ́n kọ ọ́, Bùsàrí ló kọ ọ́, dúdú ìdí ìkòkò ìyàwó rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́."

Jagùn bẹ́ sókè. "Ẹ gbọ́! Ọkọ rẹ̀ ló wí i! Gbogbo ohun tó wà lójú wàláà yẹn, láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, mo gbà á. Èmi Jagùn, mo fi orí mi búra, mo gbà á!" Ó jó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jó. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹrù tirẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kù. Mi ò mọ ìwúlò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti búra pé mi ò ní yọ ẹyọ kan. Ìlà méjì tó wà láàárín ni wọ́n fi dúdú ìdí ìkòkò kọ. Ìlà kìíní àti ìkẹrin, irin àti èèpo igi ni."

Lèmọ́mù Kàsúmù dìde kíá, fìlà rẹ̀ bọ́, kò mú un. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sí ọmọ ilé kéwú tí kò mọ èyí. Tàdáà ìdí ìkòkò ni ti ohun tí a máa fọ̀. A ó kọ ẹ̀kọ́ òní, bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n tán, a ó fọ wàláà. Ti irin kì í lọ, ó ń jẹ inú igi ni. Ẹni tó bá fi í kọ wàláà ọmọ, ó ti ba wàláà jẹ́. Baba ńlá mi kì í ṣe ẹni tó ń ṣi tàdáà mú. Ó fi èyí tí kì í lọ kọ èyí tí kò gbọdọ̀ lọ. Ìbínú ọba ló fi dúdú ìkòkò kọ. Ilé Òjélàbí kò yọ́ wọlé, wọ́n parí ìyà wọn ni wọ́n fi padà. Ó jọ pé Ọba Lágbọ̀rẹ́ wàjà kí wọ́n tó rántí fọ̀ ọ́."

Jagùn ní, "Omi kò gbọdọ̀ kàn án! Kábíyèsí ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Ọba ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n bu omi wá."

Wọ́n bu omi sínú igbá. Lèmọ́mù gbé wàláà lé orúnkún, ó ń da omi sí i, ó ń fi ìka pa á. Omi dúdú ń ṣàn sínú igbá náà. Nígbà tí ó parí, ó gbé wàláà sí oòrùn, ó kà á, mi ò rò pé mo máa gbàgbé ohùn rẹ̀ láéláé:

Ilé Òjélàbí, ọmọ ìlú yìí ni wọ́n.
Ọ̀rọ̀ ọba nìyí.

Omi wàláà kì í ṣe ohun tí à ń dà sílẹ̀. Mímu là ń mu ún, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ọba wo inú igbá, ó wo Jagùn. Ó ní, "Jagùn, ilé yín ló ni ẹjọ́, ìwọ náà lo sì gba gbogbo ìlà láti kìíní dé ìkẹyìn. A kì í ní ká jẹ èkuru kó tán, ká tún máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Mu ún."

Jagùn wo ìlú. Ìlú wò ó. Ó gba igbá, ó gbé e dé ẹnu, ó mu ún tán. Dúdú kù sí ètè rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi igbá sí, àgbàlagbà tó ti ń bá òkú jà fún ohun tí òkú ti dárí jì.

Àwẹ̀ró sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó tú aṣọ tí ó fi dì í, ó lọ bá Jagùn, ó kúnlẹ̀, ó na etí aṣọ náà sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ nu ẹnu yín. Aládùúgbò ni wá."

Ìtàn mi parí sí ibẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ wo abẹ́ òrùlé ilé mi, níbi tí omi òjò ti ń kán. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró gbé wàláà náà kọ́, òun fúnra rẹ̀, kí òjò lè máa lù ú. Ọdọọdún ló ń lù ú. Àwẹ̀ró ti di arúgbó, èmi náà ti di arúgbó, Jagùn ti lọ. Ìlà méjì náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án. Àpò ọdẹ mi nìkan ni mi ò fẹ́ kí omi kàn.